Sínáàpù inú rẹ́tínà

Sínáàpù inú rẹ́tínà ni àwọn oríta tí sẹ́ẹ̀lì kan ti ń fa ìròyìn ohun tí ojú rí lé sẹ́ẹ̀lì mìíràn lọ́wọ́, nínú awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó tẹ́ sí ẹ̀yìn ẹyinjú láti inú, èyí tí à ń pè ní rẹ́tínà. Ní ọ̀pọ̀ ibi, rẹ́tínà kò nípọn tó ìdajì mìlímítà kan. Síbẹ̀, ara ọpọlọ ni ó jẹ́ ní tòótọ́, nítorí láti ara ọpọlọ ọlẹ̀ ni ó ti hù jáde kí a tó bí ọmọ. Iṣẹ́ tí àwọn sínáàpù rẹ̀ ń ṣe kì í ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ lásán: wọ́n ń ṣà, wọ́n ń fi ohun kan wé èkejì, wọ́n sì ń yọ ohun tí kò wúlò kúrò kí ìròyìn tó jáde nínú ojú rárá.

Sẹ́ẹ̀lì tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú ojú kan ṣoṣo lé ní mílíọ̀nù 90, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbé ìròyìn jáde lọ sí ọpọlọ kò ju bíi mílíọ̀nù 1 lọ. Sínáàpù ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ yẹn di díẹ̀ láìjẹ́ pé àwòrán bàjẹ́. Ìyẹn náà ni ìdí tí àìsàn tó bá pa mílíọ̀nù 1 yìí fi lè fọ́ ojú pátápátá, nígbà tí àwọn tó ń gba ìmọ́lẹ̀ ṣì wà láàyè. Glaucoma, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ni àpẹẹrẹ rẹ̀ tó gbilẹ̀ jù.

Ìtàn

Ará Sípéènì kan, Santiago Ramón y Cajal, ni ó kọ́kọ́ ya àwòrán sẹ́ẹ̀lì rẹ́tínà lọ́nà tó ṣe é gbára lé, nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní ọdún 1893. Aró tí Camillo Golgi ará Ítálì ṣàwárí ni ó lò, èyí tó máa ń wọ sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láàárín ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí yóò sì mú ìrísí wọn hàn láti orí dé ẹsẹ̀. Cajal gbà pé sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan dá dúró, pé wọ́n ń súnmọ́ ara wọn láìdi ọ̀kan. Golgi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ní tirẹ̀, gbogbo wọn so pọ̀ bí àwọ̀n. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1906, àríyànjiyàn náà kò sì tíì tán láàárín wọn nígbà náà. Orúkọ náà “synapse” jẹ́ ti Charles Sherrington, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó mú un wọ inú ìwé ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1897 láti inú ọ̀rọ̀ èdè Gíríìkì tó túmọ̀ sí dídì mọ́ra.

Nígbà tí ẹ̀rọ awò elékítírọ́nì dé láàárín ọ̀rúndún ogún, a rí i pé òótọ́ ni àlàfo wà níbi tí sẹ́ẹ̀lì méjì ti pàdé. Cajal ni ó jàre ní ti ọ̀pọ̀ sínáàpù. Ṣùgbọ́n Golgi pàápàá kò ṣìnà tán, torí pé àwọn ibì kan wà nínú rẹ́tínà tí ihò tóóró ti so sẹ́ẹ̀lì kan mọ́ èkejì ní tààrà, tí iná mànàmáná sì ń gba ibẹ̀ kọjá láìní kẹ́míkà.

Bí a ṣe to rẹ́tínà

Ìpele mẹ́ta ni ara àwọn sẹ́ẹ̀lì tò sí. Láàárín wọn ni ìpele méjì mìíràn wà tí kò ní ara sẹ́ẹ̀lì, tó jẹ́ kìkì ẹ̀ka àti sínáàpù. Ìmọ́lẹ̀ tó bá wọlé láti iwájú ojú ní láti la gbogbo rẹ̀ kọjá kí ó tó kan àwọn sẹ́ẹ̀lì agbàmọ́lẹ̀, nítorí wọ́n wà ní ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí awọ dúdú kan ti ń bọ́ wọn. Ó dà bí ẹni pé a kọ́ ilé tán kí a tó yí i padà.

Oríṣi sẹ́ẹ̀lì agbàmọ́lẹ̀ méjì ló wà fún ìríran. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ni ó pọ̀ jù. Ó mọ iṣẹ́ ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ tó kéré, ṣùgbọ́n kò mọ àwọ̀. Sẹ́ẹ̀lì kóònù tó bíi mílíọ̀nù 5. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni ó ń bá ṣiṣẹ́, oríṣi mẹ́ta tó pín sí ni ó sì jẹ́ kí á mọ àwọ̀. Lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí ni sẹ́ẹ̀lì báípólà, tó ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ wọn tó sì ń gbé e fún sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù. Okùn gígùn tí sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù ń nà jáde ni ó para pọ̀ di iṣan ìríran, tó jáde lẹ́yìn ẹyinjú lọ sínú ọpọlọ. Sẹ́ẹ̀lì méjì mìíràn ń ṣiṣẹ́ láti ẹ̀gbẹ́: sẹ́ẹ̀lì ìbú, tó ń so àwọn agbàmọ́lẹ̀ tó jìnnà síra wọn pọ̀, àti sẹ́ẹ̀lì amákírìnì, tó ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ní ìpele kejì.

Níbi tí iṣan ìríran ti jáde, kò sí agbàmọ́lẹ̀ kankan, nítorí náà gbogbo ojú tó dá pé ló ní ibì kan tí kò ríran. Kì í sì í hàn sí ẹni tó ni ojú.

Òkùnkùn ni ó ń mú wọn sọ̀rọ̀

Ohun tó yani lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé sẹ́ẹ̀lì agbàmọ́lẹ̀ kì í dá ìmọ́lẹ̀ lóhùn nípa pípariwo. Inú òkùnkùn ni ó ti ń sọ̀rọ̀ láìdákẹ́. Ìmọ́lẹ̀ ni ó ń pa á lẹ́nu mọ́.

Nínú òkùnkùn, ihò kan báyìí ṣí sílẹ̀ lára sẹ́ẹ̀lì náà tí sódíọ̀mù àti kálísíọ̀mù ń gbà wọlé. Èyí mú kí agbára iná inú rẹ̀ dúró ní nǹkan bíi mílífóòtì 40 sí ìsàlẹ̀ òdo, ibi tí sẹ́ẹ̀lì iṣan mìíràn nínú ara yóò ti máa pè é ní ìtagìrì. Ní ìpẹ̀kun rẹ̀, níbi sínáàpù, ó ń tú kẹ́míkà kan tí à ń pè ní glutamate jáde láìsinmi. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bà á, ohun tó ń jẹ́ rhodopsin, tí a fi ìdá kan láti ara fítámì A ṣe, yóò yí ìrísí padà. Ìyípadà yẹn yóò jí èròjà kan, èyí náà yóò jí òmíràn, títí àwọn ihò ìwọlé yóò fi tì. Agbára iná inú sẹ́ẹ̀lì yóò lọ sílẹ̀ sí bíi mílífóòtì 65 tàbí 70 sí ìsàlẹ̀ òdo, glutamate tó ń jáde yóò sì dínkù. Ìdínkù yìí ni ìròyìn. Ọ̀kan nínú àbájáde rẹ̀ ni pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ń jẹ agbára nínú òkùnkùn ju nínú ìmọ́lẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1942, Selig Hecht, Simon Shlaer àti Maurice Pirenne ní Amẹ́ríkà dán ojú ènìyàn wò nínú òkùnkùn biribiri. Wọ́n rí i pé sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kan lè mọ̀ bí fótọ́ọ̀nù kan ṣoṣo bá bà á, ìyẹn ẹ̀kúnrẹ́rẹ́ tó kéré jù tí ìmọ́lẹ̀ lè pín sí. Sínáàpù tó máa fi irú ìròyìn tín-ín-rín bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ètò àrà ọ̀tọ̀.

Sínáàpù oníríbọ́nù

Ètò náà ni ríbọ́nù. Nínú ọ̀pọ̀ sínáàpù ọpọlọ, kẹ́míkà máa ń jáde ní ìgbà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá ta. Sẹ́ẹ̀lì agbàmọ́lẹ̀ kò rí ààyè ìsinmi bẹ́ẹ̀, nítorí náà ó ní pátákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó nàró sí ẹnu àlàfo, tí àwọn ọ̀kẹ́ wẹ́wẹ́ tó kún fún glutamate so mọ́ lọ́tùn-ún lósì. Bí èyí tó wà lẹ́nu bá ti tú ẹrù rẹ̀, èyí tó tẹ̀lé e yóò sún síwájú. Ẹni tó bá ti rí bí èrò ṣe ń tò wọ ọkọ̀ BRT ní Òṣódì ní ìrọ̀lẹ́ ti rí nǹkan tó jọ ọ́, àfi pé níhìn-ín kò sí ẹni tó ń já ìlà.

Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá sábà máa ń ní ríbọ́nù kan tàbí méjì péré ní ìpẹ̀kun rẹ̀. Ti kóònù a máa lé ní ogún. Sẹ́ẹ̀lì báípólà náà ní ríbọ́nù, sẹ́ẹ̀lì onírun inú etí tó ń gbọ́ ohùn sì ní i pẹ̀lú. Ojú àti etí nìyẹn, ẹ̀yà ara méjì tí kò gbọdọ̀ dákẹ́ ìròyìn. Èròjà purotéènì tó pọ̀ jù nínú ríbọ́nù ni RIBEYE, èyí tí àwọn onímọ̀ ṣàpèjúwe ní ọdún 2000.

Ọ̀nà méjì láti ibì kan náà

Sínáàpù àkọ́kọ́ yìí ni ìròyìn ti pín sí méjì. Glutamate kan náà ni kóònù ń tú sílẹ̀ fún gbogbo sẹ́ẹ̀lì báípólà tó fara kàn án, ṣùgbọ́n wọn kì í gbọ́ ọ bákan náà.

Àwọn báípólà kan ní olùgbà tí glutamate ń tagìrì. Inú òkùnkùn ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń dákẹ́ bí ìmọ́lẹ̀ bá dé. Àwọn yòókù ní olùgbà mìíràn tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ mGluR6. Glutamate kì í tagìrì irú yìí, ńṣe ni ó ń tì í pa: bí glutamate bá wà níbẹ̀, ihò kan tó ń jẹ́ TRPM1 yóò tì. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bá dé tí glutamate sì dínkù, ihò náà yóò ṣí, sẹ́ẹ̀lì yóò sì jí. Báyìí ni “ìdákẹ́” agbàmọ́lẹ̀ ṣe di “ariwo” fún ẹni tó wà níwájú rẹ̀. Ohun tó mọ́lẹ̀ ju àyíká rẹ̀ lọ ní ọ̀nà tirẹ̀, ohun tó ṣú ju àyíká rẹ̀ lọ náà ní tirẹ̀. Lẹ́tà dúdú lórí ìwé funfun, fún àpẹẹrẹ, ọ̀nà kejì ni ó gbà dé ọdọ̀ òǹkàwé.

Ó lé ní oríṣi mẹ́wàá tí àwọn báípólà kóònù pín sí nínú ẹran afọ́mọlọ́mú. Àwọn kan yára, àwọn kan lọ́ra, àwọn kan kan wà fún àwọ̀. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ní tirẹ̀ ní oríṣi báípólà kan ṣoṣo, èyí tó ń lo mGluR6. Àwọn tí ogún ìdílé ti ba mGluR6 tàbí TRPM1 jẹ́ fún láti inú oyún kì í ríran lálẹ́ rárá, bí agbàmọ́lẹ̀ wọn tilẹ̀ dá ṣáṣá. Sínáàpù nìkan ni ó kọ̀.

Ẹ̀gbẹ́ ń dá àárín dúró

Sẹ́ẹ̀lì ìbú ń gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ ọ̀pọ̀ agbàmọ́lẹ̀, ó sì ń dá a padà fún wọn ní òdìkejì. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ ní agbègbè kan, sẹ́ẹ̀lì ìbú yóò dín agbára ohùn gbogbo agbàmọ́lẹ̀ agbègbè náà kù. Èyí tó kù tí ó dá yàtọ̀ sí àwọn aládùúgbò rẹ̀ nìkan ni ohùn rẹ̀ yóò jáde ketekete. Haldan Keffer Hartline ni ó kọ́kọ́ fi irú ìdádúró láti ẹ̀gbẹ́ yìí hàn, nínú ojú ẹran omi kan tó jọ akàn. Ó pín nínú ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1967 pẹ̀lú Ragnar Granit àti George Wald. Ní ọdún 1953, Stephen Kuffler ti rí i nínú ojú ológbò pé sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù kan lè jí bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sí àárín agbègbè tirẹ̀, kí ó sì dákẹ́ bí ó bá bọ́ sí etí agbègbè náà.

Nítorí èyí, etí àti ààlà nǹkan ni rẹ́tínà ń ròyìn jù, kì í ṣe bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Dánfó tó dúró lábẹ́ oòrùn ọ̀sán ní Òṣódì ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ojú ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po ju bí ó ṣe ń ṣe ní ìdájí, síbẹ̀ àwọ̀ ìyeyè rẹ̀ àti ìlà dúdú tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá kò yí padà lójú ẹni tó ń wò ó. Ibi tí ìyeyè ti pàdé dúdú ni sínáàpù ń sọ̀rọ̀ jù. Àpèjúwe tí àwọn ìwé ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ràn, pé ojú dà bíi kámẹ́rà, kò gbé èyí yọ. Kámẹ́rà àtijọ́ ń kọ gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó bá bà á sílẹ̀, rẹ́tínà kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Irú ìfiwéra kan náà ni ó ń bí àwọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù kan wà tí kóònù tó ń gba àwọ̀ búlúù ń jí, tí kóònù méjì yòókù sì ń tì pa. Àwọ̀ ìyeyè jẹ́ òdìkejì búlúù fún irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ tí èdè kan fún àwọ̀. Funfun, dúdú àti pupa ni orúkọ àwọ̀ ìpìlẹ̀ nínú èdè Yorùbá, pupa sì gba ẹ̀jẹ̀ àti epo pọ̀. Sínáàpù rẹ́tínà ọmọ Yorùbá ń ya àwọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀ kí èdè tó dá sí i.

Ìpele kejì

Níbi tí báípólà ti pàdé gáńgílíọ́nù, sẹ́ẹ̀lì amákírìnì pọ̀ ní oríṣiríṣi, ó lé ní ọgbọ̀n. Púpọ̀ nínú wọn ń lo kẹ́míkà tó ń dáni dúró, GABA tàbí glycine. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀ wọn kò tíì yé àwọn onímọ̀ tán, ṣùgbọ́n méjì nínú wọn ti di gbajúmọ̀.

Èkíní ni sẹ́ẹ̀lì amákírìnì oníràwọ̀, tí ẹ̀ka rẹ̀ tàn yíká. Ní ọdún 1965, Horace Barlow àti William Levick tẹ ìwádìí kan jáde lórí ojú ehoro, nínú èyí tí sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù kan ń jí bí nǹkan bá ń lọ sí ọ̀nà kan, tí kò sì jí bí nǹkan náà bá ń bọ̀ láti òdìkejì. Sẹ́ẹ̀lì oníràwọ̀ ni ó wà nídìí rẹ̀: sínáàpù rẹ̀ ń dá gáńgílíọ́nù dúró láti apá kan ju apá kejì lọ. Ibi tí nǹkan ń lọ jẹ́ ohun tí ojú ehoro ti ṣírò tán kí ọpọlọ tó gbọ́.

Èkejì ni amákírìnì tí wọ́n ń pè ní AII, èyí tó ń so ọ̀nà òru mọ́ ọ̀nà ọ̀sán. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá kò ní ọ̀nà àbájáde tirẹ̀. Báípólà rẹ̀ ń fi ìròyìn lé AII lọ́wọ́, AII yóò sì fi í sínú báípólà kóònù, bí àdúgbò Ìsọlọ̀ ṣe ń já sí ọ̀nà márosẹ̀ Òṣódì sí Àpápá. Ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá ni ó ń da ìròyìn wọn pọ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí ojú fi lè rí ohun tó ṣókùnkùn ṣùgbọ́n tí kò lè ka ìwé nínú rẹ̀. Ní kòtò kékeré tó wà ní àárín gbùngbùn rẹ́tínà, òdìkejì ni ó ń ṣẹlẹ̀: kóònù kan lè ní báípólà kan àti gáńgílíọ́nù kan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ibẹ̀ ni a fi ń kàwé, tí a sì fi ń dá ojú ènìyàn mọ̀.

Bí iná bá lọ lójijì nínú ilé kan ní Ìsọlọ̀ lálẹ́, kóònù yóò ti bá òkùnkùn mu dé ìwọ̀n tó lè dé láàárín bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sẹ́ẹ̀lì ọ̀pá nílò ìṣẹ́jú ọgbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí rhodopsin tí ìmọ́lẹ̀ ti bà jẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di títún ṣe. Láàárín àkókò yẹn, kẹ́míkà dopamine, tó máa ń pọ̀ nínú rẹ́tínà lójú ìmọ́lẹ̀, yóò dínkù, àwọn ihò tóóró tó so sẹ́ẹ̀lì AII pọ̀ yóò sì yí bí wọ́n ṣe ń ṣí padà. Tí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ, iṣẹ́ yẹn yóò bẹ̀rẹ̀ látòkè. Ẹni tí fítámì A kò tó lára rẹ̀ kò lè tún rhodopsin ṣe dáadáa, yóò sì máa ṣòro fún un láti ríran lálẹ́. Epo pupa àti ewébẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní èròjà tí ara fi ń ṣe fítámì yìí.

Sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù àti ohun tó ń gbé jáde

Títí dé ibí, agbára iná tó ń lọ sókè sódò díẹ̀díẹ̀ ni sẹ́ẹ̀lì fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù ni ó ń sọ ọ́ di ìta iná kúkúrú kúkúrú tó lè rin ọ̀nà jíjìn láìrẹ̀. Okùn wọn kò dúró títí dé ibùdó kan nínú àárín ọpọlọ, láti ibi tí ìròyìn ti ń kọjá sí ẹ̀yìn ọpọlọ. Ìdajì okùn láti ojú kọ̀ọ̀kan, ní ìwọ̀n, ni ó ń kọjá sí ẹ̀gbẹ́ kejì lójú ọ̀nà.

Àwọn gáńgílíọ́nù kan tó kéré níye ń gba ìmọ́lẹ̀ fúnra wọn, pẹ̀lú èròjà kan tó ń jẹ́ melanopsin. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe àwòrán. Wọ́n ń sọ fún ọpọlọ pé ilẹ̀ ti mọ́ tàbí pé ó ti ṣú, kí oorun lè wá lásìkò. David Berson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n fi èyí hàn ní ọdún 2002. Ẹni tí agbàmọ́lẹ̀ ojú rẹ̀ ti kú ṣùgbọ́n tí gáńgílíọ́nù rẹ̀ wà lè máa mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru nínú ara rẹ̀ láìríran.

Glaucoma

Glaucoma jẹ́ àkójọ àìsàn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù níbi tí okùn wọn ti ń jáde lẹ́yìn ojú. Ìtẹ̀mọ́lẹ̀ omi inú ẹyinjú, bí ó bá ga ju ohun tí ojú náà lè gbà lọ, ni ohun tó ń fà á tí a lè ṣe nǹkan sí. Nínú ẹran tí a fi ṣe ìwádìí, ẹ̀ka sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù máa ń sún kì, sínáàpù rẹ̀ sì máa ń dínkù, kí sẹ́ẹ̀lì náà tó kú. Bí ó bá ti kú, kò tún hù mọ́ nínú ènìyàn. Kò sí oògùn tó ń dá a padà.

Irú èyí tó wọ́pọ̀ jù ní Nàìjíríà kì í dunni. Etí ìríran ni ó máa ń kọ́kọ́ lọ, àárín a máa wà títí di ìgbẹ̀yìn. Ojú kejì ń bo èyí tí ojú kan pàdánù, ọpọlọ sì ń dí àlàfo tó kù gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe fún ibi tí iṣan ìríran ti jáde. Nítorí náà aláìsàn lè máa ka ìwé ìròyìn dáadáa, kí ó má sì rí ọ̀kadà tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ nígbà tó bá ń sọdá títì ní Òṣódì. Àwọn ẹlòmíràn rò pé ọjọ́ ogbó ni.

Ìwádìí ìfọ́jú tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007 yẹ àwọn ènìyàn 13,599 wò, gbogbo wọn ti pé ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdá 4.2 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó fọ́jú. Funfun tó ń bo jígí inú ojú, tí àwọn dókítà ń pè ní cataract, ni ó fa èyí tó pọ̀ jù, ìdá 43 nínú ọgọ́rùn-ún. Glaucoma tẹ̀lé e pẹ̀lú ìdá 16.7. Iṣẹ́ abẹ lè mú ojú tí cataract bò padà. Èyí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn méjèèjì: cataract dí ìmọ́lẹ̀ lọ́nà, rẹ́tínà ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀, glaucoma ti pa ẹni tó yẹ kí ó gbé ìròyìn lọ.

Nínú ìwádìí kan náà, ìdá 5.02 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó ní glaucoma. Ẹnì kan nínú márùn-ún wọn ti fọ́jú. Nínú gbogbo àwọn tó ní i, àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní i kò tó mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún. Ìwádìí tí a ṣe ní Tema, ní Gánà, rí ìdá 6.8 láàárín àwọn tó ti pé ogójì ọdún. Ti Barbados, níbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣẹ̀ wá láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, rí nǹkan bíi ìdá 7 láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú. Ó ń rìn nínú ẹbí pẹ̀lú: ọmọ, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ẹni tó ní i wà nínú ewu ju ará yòókù lọ.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò le. A ń wọn ìtẹ̀mọ́lẹ̀ inú ojú, dókítà ń wo orí iṣan ìríran láti inú ọmọlójú, a sì ń dán etí ìríran wò. Oògùn kíkán sójú, iná lésà tàbí iṣẹ́ abẹ lè mú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ náà wálẹ̀, kí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́kù lè pẹ́. Kíkán oògùn lójoojúmọ́ fún àìsàn tí kò dunni, tí kò sì jẹ́ kí ojú sàn ju ti àná lọ, ni ó ṣòro fún ọ̀pọ̀ aláìsàn, owó oògùn sì wà ńbẹ̀. Ilé ìwòsàn olùkọ́ni ti Yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà, tí kò jìnnà sí Ìsọlọ̀, ní ibùdó ìtọ́jú ojú tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Guinness Eye Centre.

Lẹ́yìn tí sínáàpù bá ti dákẹ́

Ìwádìí láti dá ìríran padà dá lórí apá ibi tí rẹ́tínà ti bàjẹ́. Nínú àìsàn ìdílé kan tí agbàmọ́lẹ̀ ti ń kú díẹ̀díẹ̀, báípólà àti gáńgílíọ́nù lè wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé sínáàpù wọn ń yí padà lọ́nà òdì. Ní ọdún 2021, José-Alain Sahel, Botond Roska àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ròyìn ọkùnrin kan tí wọ́n fi èròjà agbàmọ́lẹ̀ láti ara ewé omi sínú sẹ́ẹ̀lì gáńgílíọ́nù rẹ̀. Pẹ̀lú ìgò ojú àkànṣe, ó rí àwọn nǹkan tó wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀, ó sì kà wọ́n. Ọ̀nà yìí kò lè ran ẹni tí glaucoma fọ́ ojú rẹ̀ lọ́wọ́, nítorí sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń gbé iṣẹ́ náà lé lórí ni glaucoma pa.

Fún irú àwọn bẹ́ẹ̀, kíkọ́ ọ̀nà mìíràn ni ó kù. Ní Cappa, ní Òṣódì, ni ibùdó ìkọ́ṣẹ́ ọwọ́ àwọn afọ́jú tí ẹgbẹ́ Federal Nigeria Society for the Blind ń bójú tó wà. Àgbàlagbà ni ó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, títí kan àwọn tó ti ríran rí kí ojú wọn tó fọ́. Wọ́n ń kọ́ kíka bíréèlì, fífi ọ̀pá funfun rìn, títẹ ìwé, lílo kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ọwọ́. Bíréèlì ń gba orí ìka dé ọpọlọ, kò sì bá rẹ́tínà da nǹkan pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1996, Norihiro Sadato àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwòrán ọpọlọ hàn pé bí àwọn tó ti fọ́jú láti kékeré bá ń ka bíréèlì, ẹ̀yìn ọpọlọ wọn ń ṣiṣẹ́, ibi kan náà tí ìròyìn láti rẹ́tínà ì bá máa dé sí.